Bẹ́ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá fídíò ìlera yín ń wọlé sáwọn aláìsàn létí

Ká ní kílíníìkì yín ṣe fídíò nípa ORS, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ní ìgbẹ́ gbuuru, fáwọn ìyá ọlọ́mọ, Yorùbá wà, Haúsá wà, Pidgin náà wà, YouTube wá ní ẹgbẹ̀rún èèyàn ti wò ó. Ẹ rọra yọ̀ ná o, pé wọ́n wò ó kò túmọ̀ sí pé wọ́n lè ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ kọ nǹkan tẹ́ẹ fẹ́ kí ẹni tó wò ó lè ṣe nílé sílẹ̀. Kó lè po ORS: sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún lítà kan, inú omi lítà kan náà ni kó da gbogbo ẹ̀ sí. Kó fún ọmọ ní zinc fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà tí ìgbẹ́ gbuuru bá ti dá. Kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó sáré gbé ọmọ wá.

Línkì èdè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá wà, kí nọ́ọ̀sì sì máa kọ iye èèyàn tó fún sílẹ̀. Tẹ́ẹ bá fún 300 ní ti Yorùbá tí 30 wò ó, tẹ́ẹ fún 40 ní ti Haúsá tí 10 wò ó, ti Haúsá ló ń ṣe dáadáa jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 30 ju 10 lọ.

Ẹ wọ YouTube Studio, ibi tí ẹni tó ni fídíò ti lè rí bí wọ́n ṣe ń wò ó, ẹ wo ibi táwọn èèyàn ti ń já fídíò náà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ti Haúsá nìkan ni wọ́n ń pa níbì kan, ẹ pe ọmọ Haúsá kó gbọ́ ibẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń sáré jù.

Ti WhatsApp le díẹ̀. Máàkì búlúù kò ní kẹ́ẹ mọ̀ bóyá wọ́n wò ó dópin, àwọn míì tiẹ̀ ti pa á, fóònù kan ṣoṣo sì lè jẹ́ ti ìyá, bàbá àti ìyá àgbà tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń pàṣẹ nípa ọmọ. Torí náà ẹ bi wọ́n: “Ta lẹ jọ wò ó?”

Èyí tí mo fọkàn tán jù rèé. Tí ìyá bá padà wá, ẹ má bi í pé ṣó yé e, gbogbo wọn á ní “ó yé mi, mà”. Ẹ gbé sáṣẹ́ẹ̀tì àti omi síwájú ẹ̀, kẹ́ẹ ní: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi po ó bẹ́ẹ ṣe máa ń po ó nílé.” Èdè tó fi wo fídíò ni kẹ́ẹ fi sọ ọ́. Ẹ máàkì ohun tó gbà àti ohun tó ṣì, ẹ má kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù, òfin Nàìjíríà ti 2023 tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn wà nílẹ̀. Tí ọ̀pọ̀ wọn bá ṣì í síbì kan náà, fídíò lẹ máa tún ṣe, ẹ má bá ìyá ọmọ jà.