Bí Ìbẹ̀rù Àwọn Agbébọn Bá Kù Sára Ọmọ: Ìtọ́sọ́nà fún Agbo Ilé ní Ẹ̀pẹ́

Ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 2017, àwọn agbébọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ Model College ní Igbóńlá, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́fà lọ. Ó lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó padà wálé. Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kì í mọ sára ẹni tí wọ́n gbé. Ọmọ tó sá àsálà àti èyí tó kàn gbọ́ ọ náà lè gbé e sùn.

Ẹ ó rí i lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ti ṣíwọ́ títọ̀ sílé á tún bẹ̀rẹ̀. Inú á máa run ún, orí á máa fọ́ ọ (ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibà ni). Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bá dún gbàù, á sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òmíràn á fi igi ṣe ìbọn, á máa “jí” àbúrò rẹ̀ gbé nínú eré. Àwọn tó ti bàlágà á máa bínú sódì. Kì í ṣe àìgbọ́ràn, kì í sì í ṣe àsàsí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má nà án, ẹ má sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń de ènìyàn mọ́lẹ̀.

Ẹ pa fídíò ìjínigbé orí fóònù. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ àti oorun padà sí àsìkò wọn, kí ọmọ sì sùn nítòsí yín fúngbà díẹ̀. Ẹ má fipá bi í léèrè. Bí ó bá fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbi tí ẹ ti jọ ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ máa bó o lọ, ẹ má wò ó ranjanran. Ẹ dáhùn “ẹ̀rù bà ọ́ gan-an ni,” kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́. Ẹ má ṣèlérí pé kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́ láé. Ẹ sọ ohun tó dá yín lójú: ta ló máa mú un lọ sílé-ìwé lọ́la, ta ló máa lọ mú un wálé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ á gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ó bá ju oṣù kan lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tàbí jẹ́nẹ́rà Ẹ̀pẹ́. Bí kò bá jẹun mọ́, tàbí tó ń sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n lè ní kí ẹ lọ sí Yábàá, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín, wọ́n ń tọ́jú ọmọdé níbẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe ń sùn, àti ohun tó ń já a láyà. Dókítà máa bi yín.