Èmi ni mo jèrè, àṣírí ẹlòmíràn ló tú: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí WhatsApp àti Facebook

Aṣọ ni mò ń tà n'Ìbàdàn. Látìgbà tí mo ti ń gbé ọjà sórí status WhatsApp, ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ni n kò tíì fojú kàn rí. Wọ́n á rí léèsì lórí fóònù, wọ́n á fowó ránṣẹ́, èmi náà á dì í, màá gbé e fún ọlọ́kadà dispatch. Lọ́jọ́ kan, mo ya fọ́tò ẹrù tí mo ti dì tán, mo gbé e síta kí àwọn èèyàn lè rí i pé ọjà ń lọ. Mi ò bojú wo ohun tí mo fi bíárò kọ sára ọ̀rá rẹ̀: orúkọ oníbàárà mi, nọ́ḿbà fóònù rẹ̀, àdúgbò rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹnì kan ti pè é. Ó ní òun lòún ń gbé ẹrù bọ̀, ó dárúkọ mi, ó dárúkọ àwọ̀ léèsì náà, ó ní kó fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí òun tó lè dé. Ó fi ₦6,500 ránṣẹ́. Ọlọ́kadà tí mo rán níṣẹ́ gan-an kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Èmi ni mo jèrè fọ́tò yẹn, nítorí èèyàn mẹ́ta ló béèrè iye léèsì lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun ló san gbèsè rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé tí a bá ń gbé àǹfààní ayélujára àti ewu rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, tiwa nìkan là ń wọ̀n. A kì í wọn ti ẹni tí orúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ tàbí nọ́ḿbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí ni mo ti ṣe rí.

"Mi ò ní nǹkan tí mò ń fi pamọ́"

Gbólóhùn yìí ló máa ń kọ́kọ́ jáde tí a bá ní kí ẹnì kan rọra. Ó ń ká mi lára tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá ló sọ ọ́. Àwa tí à ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa, àwa tí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, tí aboyún wa kì í sọ iye oṣù tó wà nínú fún gbogbo ará ọjà! Àṣírí kì í ṣe ìwà ibi tí èèyàn ń gbé pamọ́. Ohun tó jẹ́ tẹni ni, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìgbàṣẹ.

Ẹ wo ọjọ́ ìbí ọmọdé. Ìyá á gbé fọ́tò jáde: orúkọ ọmọ ní kíkún, iye ọdún tó pé, aṣọ ilé ìwé tí orúkọ ilé ìwé wà láyà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé náà láago méjì, kó ní "ìyá ẹ ló ní kí n wá mú ẹ", ti rí gbogbo ohun tó máa sọ. Ìyá gba ìkíni àti àdúrà tó pọ̀. Ọmọ kò sí níbi tí wọ́n ti dá ọjà náà. Ẹ wọ aṣọ mìíràn fún un kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ kọ Àjọkẹ́ tàbí Àkànní nìkan sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ yín á mọ ọmọ tí ẹ ń sọ.

"Fóònù mi ni, ó kàn mí"

Èyí ló burú jù lójú mi, torí náà màá pẹ́ díẹ̀ nídìí rẹ̀. Bí áàpù kan bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun ka àwọn nọ́ḿbà inú fóònù yín, tí ẹ sì tẹ Allow, nọ́ḿbà tiyín kọ́ lẹ fún un. Ti ìyá yín ni, ti pásítọ̀ tàbí àlùfáà yín, ti ọ̀gá níbi iṣẹ́, ti ẹni tí ẹ ti bá jà tipẹ́ tí ẹ kò tíì pa nọ́ḿbà rẹ̀ rẹ́. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè.

Ní 2018 ni gbogbo ayé gbọ́ ọ̀rọ̀ Cambridge Analytica, ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn olóṣèlú polongo ìbò. Áàpù kan wà lórí Facebook tó ń bi èèyàn ní ìbéèrè láti fi mọ irú ìwà tó ní. Bíi 270,000 èèyàn ló fọwọ́ ara wọn gbà á. Síbẹ̀, Facebook fúnra rẹ̀ sọ pé ó tó 87 mílíọ̀nù èèyàn tí ọ̀rọ̀ wọn lè ti dọ́wọ́ Cambridge Analytica, nítorí pé áàpù yẹn ń kó ti àwọn ọ̀rẹ́ wọn mọ́ ọn. Ẹ bá mi pín in: ẹnì kan dáhùn ìbéèrè, èèyàn tó lé ní 300 ló bá a lọ.

Nígbà tó di oṣù kẹrin 2021, orúkọ àti nọ́ḿbà àwọn tó lé ní 530 mílíọ̀nù lórí Facebook jáde sórí ayélujára, ẹni tó bá fẹ́ lè mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Facebook ní ẹnikẹ́ni kò já wọ inú ẹ̀rọ òun. Ohun tí wọ́n ṣe fún wa láti máa fi nọ́ḿbà inú fóònù wá ọ̀rẹ́ ni àwọn kan lò títí wọ́n fi kó nọ́ḿbà wọ̀nyẹn, kí ilé iṣẹ́ náà tó dí ojú ibẹ̀ ní 2019.

Nílé wa níbí, ẹ̀yin náà mọ ti àwọn áàpù tó ń yáni lówó. Ẹni tó yá owó kò mọ̀ pé gbogbo ojúlùmọ̀ òun lòún fi ṣe onídùúró. Bó bá pẹ́ kó tó san, wọ́n á fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá ìyàwó rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní olè ni. Àjọ FCCPC, tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í lépa wọn, Google náà sì ṣe é léèwọ̀ láti ìparí oṣù karùn-ún 2023 pé kí áàpù ayánilówó má ka nọ́ḿbà tàbí fọ́tò inú fóònù ẹni mọ́. Ṣùgbọ́n áàpù tí wọ́n fi línkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kò gba Play Store, ọjà áàpù ti Google, kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má gbà á wọlé. Èyí tó sì ti wà lórí fóònù yín, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Permissions, kí ẹ gba Contacts kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni áàpù tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi nọ́ḿbà ẹ̀gbọ́n yín ṣe?

"WhatsApp ti tì í pa, kò sẹ́ni tó lè rí i"

Òótọ́ ni pé láti 2016, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sí ẹnì kan lórí WhatsApp wà ní títì láti ọ̀dọ̀ yín títí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà kò sì lè kà á. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí. Ó lè ya ojú fóònù rẹ̀ kó fi ránṣẹ́ síbi tó bá wù ú. Nínú gúrúpù ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí lè rí nọ́ḿbà yín.

Olè tó fẹ́ gba WhatsApp yín kì í já kọ́kọ́rọ́ kankan. Á fi nọ́ḿbà yín forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀, kóòdù onínọ́ḿbà mẹ́fà á wọlé sórí tiyín, á wá pè: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ jọ̀ọ́, kóòdù ìpàdé wa ló ṣèèṣì wá sọ́dọ̀ yín." Ẹ ti kà á tán, ó ti wọlé. Kì í ṣe owó yín ló máa kọ́kọ́ bèèrè. Ọmọ yín tó wà ní London ló máa kọ̀wé sí, ní orúkọ yín, pé ara yín ò yá, kó tètè fowó ránṣẹ́ sí àkántì kan báyìí. Ẹ ṣí Settings inú WhatsApp, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ yan nọ́ḿbà mẹ́fà tí ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo ti bá àwọn ìyá tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi ṣe é, màá sì máa bá èyí tó bá tún dé ṣe é.

Ti ìrìn àjò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ má kọ "à ń lọ s'Ékòó" síta kí ẹ tó lọ. Ẹ jẹ́ ó di ìgbà tí ẹ bá ti padà délé.

"Ó kúkú sàn kí n pa gbogbo rẹ̀ tì"

Àṣìṣe lèyí náà. Ẹni tí ẹ̀rù bà á pa Facebook rẹ̀ rẹ́, ó rò pé òun ti bọ́. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wọ aṣọ ẹbí. Ohun tó pàdánù sì pọ̀. Nígbà tí ìjọba ti Twitter pa ní Nàìjíríà láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta bàtà àti oúnjẹ níbẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wá agbẹjọ́rò fún àwọn tí ọlọ́pàá mú ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS. Ìyá mi ń rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní Peckham lójú fóònù ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Kò sí ewu tí ẹ máa kà fún mi tí màá fi gba fóònù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòdù nìkan ni mo ní kó má kà fún ẹnikẹ́ni.

"Ìjọba ti ṣòfin"

Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Òfin tó ń dáàbò bo dátà ará ìlú (orúkọ, nọ́ḿbà, àdírẹ́sì àti irú wọn) jáde ní 2023, àjọ NDPC ló sì ń mójú tó o. Ní oṣù keje 2024, FCCPC bu ìtanràn $220 mílíọ̀nù lé Meta tó ni Facebook àti WhatsApp. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìtanràn kò lè dá nọ́ḿbà tó ti jáde padà sílé. Ohun kan tún wà tí àwa oníṣòwò kì í rántí: òfin yẹn yọ ẹni tó ń lo ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ nìkan sílẹ̀, kò yọ ẹni tó ń fi í tajà. Àkọsílẹ̀ orúkọ àti àdírẹ́sì oníbàárà tó wà nínú fóònù mi, abẹ́ òfin náà ló wà.

Mo dá ₦6,500 oníbàárà mi padà fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, ó tún wá ra léèsì, ó rán an, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Mo bi í bóyá mo lè gbé e sórí status. Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí òun rí bó ṣe máa rí. Mo fi hàn án. Ó wò ó, ó ní ẹ̀yìn lòún fẹ́ kó hàn, kí ojú òun má sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo gbé síta.