Ẹran tí dókítà ò rí: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín wa

Ẹ má ṣe ra ẹran torí pé owó rẹ̀ wálẹ̀, láìbéèrè ibi tí wọ́n ti pa á. Àṣìṣe yìí ló burú jù. Màlúù tó ń ṣàìsàn, tí kò lè dìde mọ́, wọ́n á sáré dúńbú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé kí owó má baà ṣòfò. Kò dé odò ẹran, dókítà ẹran ò rí i. Bó bá sì ti dórí tábìlì alápatà ní gígé, ta ló tún fẹ́ mọ̀?

Ní odò ẹran tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yẹ ẹran wò. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó láàyè: ṣé ó ń wúkọ́, ṣé imú rẹ̀ ń dà, ṣé ó ń rìn dáadáa? Tí wọ́n bá pa á tán, dókítà á fọwọ́ tẹ fùkù, á fọ̀bẹ la àwọn kókó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ti ọ̀fun. Bó bá bá nǹkan funfun tó ń rún bíi wàràkàṣì nínú wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ikọ́ ife màlúù, èyí tó ń ran èèyàn. Ẹ̀bẹ̀ alápatà máa ń pọ̀ níbẹ̀, torí bí wọ́n bá da ẹran náà nù, owó ńlá ló fẹ́ lọ. Mo mọ̀ pé ó nira. Síbẹ̀, ẹ̀yin alápatà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ fùkù pamọ́ kí dókítà tó dé. Ibẹ̀ gan-an ni àrùn náà ti sábà máa ń hàn.

“Màá sè é dáadáa” kò tó. Ẹran tó bá jinná dénú, kòkòrò ikọ́ ife inú rẹ̀ á kú lóòótọ́. Ọwọ́ àti ọ̀bẹ tó gé e ní tútù ńkọ́? Wàrà tí wọn ò sè náà ń gbé e kiri.

Ti anthrax, àrùn ẹran mìíràn tó ń ran èèyàn, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí omi híhó inú ìkòkò wa lè má pa á. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tó bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Ghana, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kìlọ̀ nípa pọ̀nmọ́, ẹran ìgbẹ́ àti ẹran yíyan. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, wọ́n ti rí i ní oko ẹran kan ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger. Ẹran tó bá ṣàdédé kú, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú tàbí nídìí rẹ̀, ẹ má kùn ún, ẹ má bó awọ rẹ̀. Ẹ pe dókítà ẹran ìjọba kí wọ́n wá sin ín jìn tàbí kí wọ́n sun ún.