Kí Písítìn Wà Nílẹ̀ Kí A Tó Gbẹ́ Ihò: Wíwá Písítìn Oversize fún Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́

Písítìn oversize ni èyí tó fẹ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, fún ihò sìlíńdà tó ti jẹ tí wọ́n sì gbẹ́ kó fẹ̀ sí i. Ẹ má gbé búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ihò sìlíńdà nígbà tí písítìn kò tíì sí lọ́wọ́ yín. Ẹni tó kọ́kọ́ gbẹ́ ihò kó fi 0.50 mm fẹ̀ sí i, tó wá ń wá písítìn kiri lẹ́yìn náà, lè bá a pé 0.75 àti 1.00 nìkan ló ṣẹ́ kù fún ẹ́ńjìnnì náà. Owó ìgbẹ́ di ìlọ́po méjì, irin tó sì ti kúrò lára ògiri sìlíńdà kì í padà. Ká tiẹ̀ ní 0.50 wà, písítìn tó wà lọ́wọ́ gan-an ni a fi ń pinnu bí ihò ṣe máa fẹ̀ tó, kì í ṣe nọ́ńbà ara páálí.

Kí ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀

Ẹ ha èédú orí písítìn àtijọ́ kúrò, kí ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i. STD ni ìwọ̀n tí ọkọ̀ bá jáde. 50 tàbí 0.50 fi hàn pé ẹnìkan ti gbẹ́ ẹ rí. 030 jẹ́ ti àwọn tó ń lo íńṣì, 0.030 íńṣì, tí í ṣe 0.762 mm. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.75 mm, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà, kí ẹ má sì lò wọ́n ní pàṣípààrọ̀ láìwọ̀n wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni wíwọn ihò. Rúlà àti kálípà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé níbí. Géèjì ìwọnhò tó ní ojú bí aago, tó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi máíkírómítà ṣètò rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ ihò. Ẹ wọn òkè, díẹ̀ sísàlẹ̀ ibi tí ríìngì àkọ́kọ́, òrùka irin tó yí písítìn ká, ń dé. Ẹ wọn àárín. Ẹ wọn ìsàlẹ̀. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ̀n ọ́n ní ìbú búlọ́ọ̀kù, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní òòró rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà fún ihò kan, kí ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Òkè ló sábà máa ń jẹ jù, torí ibẹ̀ ni iná ti ń jó, ọ́ìlì kì í sì í pọ̀ níbẹ̀. Ìbú sì máa ń jẹ ju òòró lọ, torí ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kọ́nróòdù, ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kirankísháfù tó ń yí nísàlẹ̀, ń ti písítìn sí.

Ihò tó burú jù ló ń yan ìwọ̀n fún gbogbo ihò yòókù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣírò gbòdì. Ká ní ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 86.00 mm, tí ihò tó burú jù sì ka 86.31. Ó dà bí ẹni pé 86.50 yóò gbà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló jẹ 0.31 yẹn, tí àárín ihò kò sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ kúrò níbi tó wà, ihò tuntun ní láti fẹ̀ dé 86.62 kí àpá tó parẹ́. 0.75 ni písítìn tí yóò ṣe é nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ fojú ara rẹ̀ rí ihò náà kí ẹ tó rà, pàápàá bí ìpẹtà bá ti lu ògiri.

Èyí tó kéré jù tó lè pa àpá rẹ́ ni kí ẹ mú. Ẹ má torí agbára mú èyí tó tóbi: láti 86.00 dé 86.50, nǹkan bí 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ẹ́ńjìnnì fi tóbi sí i, nígbà tí ògiri tó tín-ín-rín ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ihò sì wọ́ lójú iná. Bí búlọ́ọ̀kù bá ti dé òpin ìwọ̀n tí ìwé rẹ̀ gbà láàyè, ẹ fi sílíìfù, ìyẹn ògiri irin tuntun fún ihò, sí i kí ẹ padà sí STD. Búlọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù tí kò ní sílíìfù irin jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ìgbẹ́ lásán ń ba ojú ihò rẹ̀ jẹ́.

Ohun tí ẹ máa wọ̀n lára písítìn

Orúkọ ọkọ̀ kò tó láti fi ra písítìn. Ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà, lè ní orí písítìn oríṣi méjì. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ mú lọ, pẹ̀lú ìwọ̀n wọ̀nyí: bí pínnì, irin tó so písítìn mọ́ kọ́nróòdù, ṣe nípọn tó, bóyá ó ń yí nínú kọ́nróòdù tàbí wọ́n fi ipá kì í bọ̀ ọ́, bí ríìngì kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó, bí kòtò tàbí wíwú orí písítìn ṣe rí, àyè tí fáàfù ń bọ́ sí, àti bí ọ̀kan ṣe wúwo tó.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni gíga láti àárín ihò pínnì dé orí písítìn. Ẹ pín ìrìn písítìn, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, sí méjì, ẹ fi gígùn kọ́nróòdù kún un, ẹ tún fi gíga yìí kún un. Bí ìrìn bá jẹ́ 80 mm, kọ́nróòdù 140, gíga 36, àpapọ̀ jẹ́ 216: ibẹ̀ ni orí písítìn yóò dé, láti àárín kirankísháfù. Bí ojú búlọ́ọ̀kù, níbi tí tọ́ọ̀pù ń jókòó lé, bá wà ní 216.3, písítìn yóò dúró sísàlẹ̀ ojú náà ní 0.3 mm. Písítìn tó ga ju ti àtijọ́ lọ ní 1 mm lè gbá tọ́ọ̀pù sìlíńdà tàbí fáàfù. Èyí tó kúrú ní 1 mm yóò dín kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n, bí písítìn ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kù.

Ibi tí a ti ń rí i

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé àkójọ àwọn tó ń ṣe písítìn, bíi Mahle àti Kolbenschmidt ní Jámánì, tàbí Teikin ní Jàpáànù. Nọ́ńbà páátì wọn ni kí ẹ fi wá a, kì í ṣe àpèjúwe.

Ẹrù àtijọ́ tí kò tíì kúrò nínú páálí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní kí olùtajà ya fọ́tò orí àti inú gbogbo písítìn, kì í ṣe ti ẹyọ kan. Wọ́n máa ń da 0.50 pọ̀ mọ́ 0.75 nínú páálí kan. Ìpẹtà ara ríìngì kò yẹ kó lé yín, torí a lè ra ríìngì lọ́tọ̀. Ìpẹtà funfun nínú yàrà tí ríìngì ń jókòó sí ni kí ẹ sá fún.

Bí kò bá sí, písítìn ẹ́ńjìnnì mìíràn lè bá a mu. STD ẹ́ńjìnnì kan lè jẹ́ oversize ti òmíràn. Pínnì tó nípọn díẹ̀ sí i ṣeé bójú tó bí kọ́nróòdù bá ní búṣì tó ṣeé gbẹ́. Gíga tí kò bá mu kò rọrùn bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá gé orí písítìn kó lè bá a mu, irin òkè ríìngì àkọ́kọ́ á tín-ín-rín, ooru á sì lu ú.

Àṣẹ̀ṣẹ̀ṣe, tí wọ́n ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì yín nìkan, ló kẹ́yìn. JE, Wiseco àti Ross ní Amẹ́ríkà ń ṣe é. Ẹ fi písítìn àtijọ́ kan tí kò tíì bàjẹ́ ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwọ̀n àyè iná tó wà nínú tọ́ọ̀pù àti bí gásíkẹ́ẹ̀tì ṣe nípọn tó. Ẹ rántí pé èyí tí wọ́n rọ máa ń wú nínú ooru ju èyí tí wọ́n dà lọ, nítorí náà àlàfo láàárín rẹ̀ àti ògiri ihò gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i.

Nígbà tí páálí bá dé

Ẹ jẹ́ kí písítìn àti máíkírómítà jọ wà nínú yàrá kan náà di ọjọ́ kejì, kí ooru wọn lè dọ́gba. Písítìn kì í ṣe róbótó pátápátá, ó sì fẹ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ; ibi tí ìwé rẹ̀ sọ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, tó sábà máa ń wà lápá ìsàlẹ̀ síkáàtì, ara písítìn tó wà lábẹ́ ríìngì, ní ìdábùú pínnì. Bí ó bá ka 86.71, tí ìwé sì ní àlàfo 0.04, 86.75 ni ihò yóò jẹ́. Àlàfo tó kéré jù ń mú kí písítìn há nígbà tó bá gbóná. Èyí tó pọ̀ jù ń kan ìlù láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ríìngì kò sì ní dì dáadáa.

Ẹ wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n ìwúwo kékeré. Gíráàmù díẹ̀ péré ni kó wà láàárín èyí tó wúwo jù àti èyí tó fúyẹ́ jù. Ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù pẹ̀lú: ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ihò sìlíńdà tuntun lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí rẹ̀ á yọ sínú iná, á sì jó.

Ẹ gbé gbogbo písítìn, tí ẹ ti kọ nọ́ńbà ihò sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú àlàfo tí ìwé sọ. Lẹ́yìn ìgbẹ́, omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ihò, kì í ṣe bẹntiróòlù, torí bẹntiróòlù kì í kó lẹ́búlẹ́bú òkúta tí wọ́n fi dán ihò kúrò nínú ilà tó fi sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun tó ní ọ́ìlì nù ún títí aṣọ kò fi ní dúdú mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ríìngì àkọ́kọ́ nìkan sínú ihò, ẹ fi orí písítìn tì í kó tẹ́jú, kí ẹ wọn ẹnu rẹ̀, àyè tó wà láàárín etí rẹ̀ méjèèjì: fún ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, nǹkan bí 0.10 mm fún 25 mm ìbú ihò, tí í ṣe 0.35 fún 86.75. Bí ẹnu náà bá há jù, ẹ fi fáìlì ha á díẹ̀díẹ̀.