Kí Ẹ Tó Gbé Flagyl Mì: Bí Inú Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Ohun Tó Ń Dà Á Láàmú

Bí ẹ bá mọ bí oúnjẹ ṣe ń rìn láti ẹnu dé ìdí, ẹ ò ní máa fi oògùn kan ṣoṣo, bíi Flagyl tó jẹ́ oògùn apakòkòrò, wo gbogbo inú rírun. Ìrìn náà lè gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ omi ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan, nǹkan bí lítà 8 sí 9 omi ló ń wọ inú ìfun àgbàlagbà. Lítà 2 péré ló ti ọwọ́ oúnjẹ àti ohun mímu wá; ara fúnra rẹ̀ ló tú ìyókù síbẹ̀: itọ́, omi kíkan inú àpò oúnjẹ, òróòro àti omi tó ń sun láti ara ìfun. Ìfun a wá fa gbogbo rẹ̀ padà, débi pé mìlílítà 100 sí 200 nìkan ló ń bá ìgbẹ́ jáde.

Ẹnu ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí itọ́ ti ń sọ àmàlà tàbí tùwó di ṣúgà. (Àwa tí a ń gbé òkèlè mì láìrún un ti fo ìpele yẹn, àmọ́ kò séwu, omi tó ń ti pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, wá á parí rẹ̀ nísàlẹ̀.) Oúnjẹ a gba ọ̀nà ọ̀fun wọ àpò oúnjẹ, níbi tí ásíìdì ti ń pa kòkòrò tó sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹran. Ó lè lo wákàtí 2 sí 4 níbẹ̀. Ọ̀rá máa ń dá a dúró pẹ́ sí i, ìyẹn ni súyà ọlọ́ràá tí a jẹ lálẹ́ fi ń wúwo lẹ́nu ikùn. Lẹ́yìn náà ni ìfun kékeré, tó gùn tó mítà 6: òróòro tí ẹ̀dọ̀ ṣe á tú ọ̀rá, oje pancreas á tú ìyókù, ẹ̀jẹ̀ á sì kó èrè oúnjẹ lọ. Ìfun ńlá, tó jẹ́ mítà kan ààbọ̀, ló ń fa omi tó kù.

Ìgbẹ́ gbuuru

Lásìkò òjò, ẹ̀gbin ṣáláńgá máa ń ṣàn wọ kànga, kẹ́ẹ̀gì omi tí mairuwa ń tì kiri ò sì ní àkọlé ibi tó ti wá. Lọ́dún 2021, àwọn tí wọ́n fura sí pé onígbáméjì mú ní Nàìjíríà lé ní 100,000, ó pa ju 3,000 lọ, ìhà àríwá ló sì ti pọ̀ jù. Oró kòkòrò náà ń mú kí ìfun kékeré máa tú omi àti iyọ̀ dà sílẹ̀ ju bí ìfun ńlá ṣe lè fà á padà. Ó lè gba lítà kan lára àgbàlagbà láàárín wákàtí kan, ìgbẹ́ náà á sì funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Omi tó tán lára ló ń pa èèyàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà lára ìfun tí oró náà kì í bà jẹ́: ibi tí ṣúgà àti iyọ̀ ti ń jọ wọlé pọ̀, tí omi ń tẹ̀ lé wọn. Nítorí náà ni omi lásán ò fi tó.

1. Ẹ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ ra ORS (ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi) ní kẹ́mísì, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀, torí òmíràn wà fún lítà kan, òmíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Piọ́wọ́tà 50cl méjì ni lítà kan. Bí omi bá kéré jù, iyọ̀ á pọ̀, ó sì léwu fún ọmọdé.
2. Bí kò bá sí ORS: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kó tẹ́jú. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.
3. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 á mu mìlílítà 50 sí 100. Ọmọ ọdún 2 sí 10, 100 sí 200. Àgbàlagbà á mu ún bó bá ṣe wù ú tó.
4. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún máa fún un ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀.
5. Ẹ fún ọmọdé ní zinc, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Tí kò bá tíì pé oṣù 6, mílígíráàmù 10. Ọmú àti ẹ̀kọ kò gbọdọ̀ dúró.
6. Ẹ da omi ORS tàbí omi ṣúgà àti iyọ̀ tí ẹ pò nù tó bá ti lo wákàtí 24.

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, Flagyl kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, loperamide, kò yẹ fún ọmọdé, kò sì yẹ fún ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀. Bí ojú bá jìn wọnú, tí ọmọ ń sunkún láìsí omijé, tí kò tọ̀ fún wákàtí 6, tàbí tí awọ ikùn tí ẹ fà ò tètè padà, ọsibítù ni. Nọ́ńbà NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, tí a lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ ni 6232.

Ọgbẹ́ inú àti àyà títa

Ebi kọ́ ló ń dá ọgbẹ́ inú (ọ́sà) sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ata kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàjì lè mú kó ta gidi. Kòkòrò Helicobacter pylori àti oògùn ara ríro ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù. Lọ́dún 1984, dókítà ará Ọsirélíà kan, Barry Marshall, gbé kòkòrò náà mu, inú rẹ̀ wú. Òun àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005. Ní ti oògùn, ibuprofen àti diclofenac tí mai magani ń gbé kiri lórí àtẹ ni mo ní lọ́kàn. Wọ́n ń bó ohun tó ń dáàbò bo ara àpò oúnjẹ lọ́wọ́ ásíìdì.

Èyí tó bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré máa ń dunni lóru tàbí wákàtí 2 sí 3 lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ tàbí èémí yín wò fún kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́dọ̀ fi omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì kù, sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, àti oògùn apakòkòrò fún ọ̀sẹ̀ 4, kí èsì má bàa parọ́. Bí wọ́n bá rí i, ìwòsàn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 14: omeprazole ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú oúnjẹ, pẹ̀lú apakòkòrò tí dókítà yàn. Ẹni tó bá dá a dúró lọ́jọ́ karùn-ún torí pé ara ti tù ú ń kọ́ kòkòrò náà ní ogun ni.

Àyà títa yàtọ̀: ásíìdì ló ń gòkè wá sí ọ̀fun. Ẹni tó ń ti Central Area ní Àbújá lọ sí Mararaba, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya dá dúró, tó délé ní aago mẹ́sàn-án, tó jẹ ìyán, tó sì sùn lé e, ló ń pè é. Kí ó jẹun díẹ̀ kí ó tó wọkọ̀, tàbí kí ó dúró fún wákàtí 3 kó tó dùbúlẹ̀. Kí ó fi búlọ́ọ̀kù gbé ìhà orí bẹ́ẹ̀dì sókè ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ìrọ̀rí méjì ń ká ikùn pọ̀ ni.

Bí inú bá ń wú lẹ́yìn tíì oní-mílíìkì, ó ṣeé ṣe kí ara má lè tú ṣúgà inú wàrà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Fúlàní ṣì ń tú u. Nọ́nò tó ti kan dín ṣúgà yẹn kù, àmọ́ ẹ rí i pé wọ́n ti se wàrà rẹ̀.

Ìgbẹ́ líle àti jẹ̀díjẹ̀dí

Ìgbẹ́ tó le, tí kò tó ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, ni à ń wí. Ọyẹ́ Àbújá ń fa omi lára, ìfun ńlá á sì fa èyí tó kù. Ẹ mu omi, ẹ jẹ ẹ̀wà, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ kí inú má bàa wú. Ẹ jókòó sí ilé ìgbẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, torí ìgbà yẹn ni ìfun ńlá máa ń jí, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré.

Ṣúgà kọ́ ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Títẹnra nígbà tí a bá ń yàgbẹ́, oyún àti jíjókòó pẹ́ ló ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ wú. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ ń gbẹ omi ara ni, ìgbẹ́ á tún le sí i. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà láìjẹ́ pé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin, tí ara ń rù, tàbí tí ìgbẹ́ rí tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí dókítà ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ wò, kó sì fi ẹ̀rọ wo inú ìfun ńlá kó tó kọ oògùn kankan.