Ara Òbí Yín ni Kí Ẹ Wò: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ilé Ìtọ́jú Àgbàlagbà Wò ní England

Kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn àti òdòdó ẹnu ọ̀nà kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ilé ìtọ́jú. Awọ gìgísẹ̀ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ètè rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ló ń sọ òótọ́. Bí ìtọ́jú bá ti ń mẹ́hẹ, ara ló kọ́kọ́ ń fi hàn. Ìwé ló máa ń gbẹ̀yìn.

Síbẹ̀, ẹ ka ìwé kí ẹ tó lọ. Ìròyìn àyẹ̀wò gbogbo ilé ìtọ́jú wà lórí ìkànnì àjọ Care Quality Commission, tí a mọ̀ sí CQC. Ìdájọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń lò, láti èyí tó dára jù dé èyí tó burú jù: Outstanding, Good, Requires improvement àti Inadequate. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. “Good” ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nígbà ayé máníjà tó ti kúrò, kò ní láárí púpọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka abala Safe (ààbò) àti Well-led (ìdarí) dáadáa. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá nursing home ni tàbí residential. Ní nursing home, nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Residential kò ní irú ẹ̀. Ẹni tó ní egbò jíjìn, tàbí tó ń gba oúnjẹ láti inú rọ́bà, nursing home ló tọ́ sí i.

Ohun kan tún wà tí a sábà máa ń gbójú fò. Lábẹ́ òfin England, jíjẹ́ ọmọ nìkan kò fún yín láṣẹ láti ṣe ìpinnu lórí ìtọ́jú òbí. “Èmi ni àkọ́bí” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí màmá tàbí bàbá bá ṣì lè dá ìpinnu ṣe, kí wọ́n ṣe lasting power of attorney ti ìlera àti ìtọ́jú, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń yan ẹni tó máa ṣe ìpinnu fún wọn bí wọn ò bá lè ṣe é mọ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní Office of the Public Guardian, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kò ṣeé lò títí wọn yóò fi fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Láìsí i, ilé náà lè kọ̀ láti fi ìwé ìtọ́jú hàn yín.

Awọ ara

Egbò ìdùbúlẹ̀ máa ń mú ibi tí egungun ti sún mọ́ awọ: gìgísẹ̀, ìbàdí, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lókè ìdí, ìgúnpá, ẹ̀yìn orí, kódà etí ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sùn. Ìwúwo ara á tẹ ẹran mọ́ egungun, ẹ̀jẹ̀ ò ní rọ́nà gbà, ẹran ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nígbà mìíràn inú ló ti ń bàjẹ́ wá síta, tí ojú egbò kékeré á bo ihò ńlá mọ́lẹ̀.

Àmì àkọ́kọ́ tí wọ́n sábà ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni pé ibẹ̀ á pọ́n, tí a bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, pípọ́n náà ò ní lọ. Awọ dúdú kì í sábà pọ́n bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá ń dúró de pupa lára màmá Yorùbá lè máà rí nǹkan kan títí awọ á fi bó. Nítorí náà, lẹ́bàá fèrèsé, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, ẹ wá ibi tó ṣú ju àyíká rẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: ṣé ó gbóná tàbí ó tutù ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ? Ẹ rọra fi ìka tẹ̀ ẹ́: ṣé ó le, àbí ó ń rọ̀ jù? Ẹ béèrè bóyá ó ń dùn wọ́n. Ẹ fi gìgísẹ̀ ọ̀tún wé ti òsì. Bí ẹ bá rí ohun tó yàtọ̀, ẹ má fi òrí tàbí Robb ra á o. Rírá a ń ba ẹran tó ti ń kú lọ jẹ́ sí i. Nọ́ọ̀sì ni kí ẹ pè, lójú ẹsẹ̀.

Ìtọ́sọ́nà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú ìlera jáde ní England, ní kí wọ́n máa yí ẹni tó wà nínú ewu padà ní wákàtí 6-6, ó kéré tán, kí ti ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀ gan-an sì jẹ́ wákàtí 4-4. Ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ìyípadà hàn yín. Bó bá jẹ́ 2:00, 6:00, 10:00 géérégé, pẹ̀lú kálámù kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan jókòó kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ gidi máa ń jẹ́ 2:10, 6:25. Níbi tí wọ́n ti ń lo fóònù, àkókò tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé ni kí ẹ wò.

Ẹ wo mátírẹ́ẹ̀sì oníafẹ́fẹ́ náà. Lára ẹ̀rọ tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ibì kan wà tí wọ́n ti ń yí i sí ìwúwo ẹni tó ń sùn lórí rẹ̀, bí ó bá jẹ́ irú tí kì í yí ara rẹ̀. Ìṣòro tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á fi í sílẹ̀ sórí ti ẹni àná: màmá tó wọn 45 kg á wá máa sùn lórí 90 kg, bí ẹni sùn lórí pákó. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta pẹ̀lú rọ́bà lórí rẹ̀ náà ń sọ ọ́ di asán. Ẹyọ kan ti tó. Kí ìrọ̀rí wà lábẹ́ ojúgun, kí gìgísẹ̀ má kan nǹkan kan.

Omi, oúnjẹ, ọ̀fun

Obìnrin àgbà nílò nǹkan bí lítà 1.6 ohun mímu lójúmọ́, ọkùnrin lítà 2, àyàfi bí dókítà bá ní kí ó dín kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. Nínú ìwé omi, “a fún wọn ní 200 ml” kò jọ “wọ́n mu 200 ml”. Ẹ wo bóyá ẹnìkan ń ro àpapọ̀ rẹ̀ lálẹ́. Ẹ wo bóyá ife wà níbi tí ọwọ́ wọn tó lágbára jù lè dé. Ètè gbígbẹ, ìtọ̀ tó ṣú àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn òjijì sábà máa ń rìn pọ̀.

Ìwúwo, lóṣooṣù ni kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n, ó kéré tán. Bí ẹni 60 kg bá bọ́ sí 57 láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà láìjẹ́ pé ó fẹ́ rù, kí wọ́n ṣe nǹkan. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ 54, ewu ńlá ni. Bí kò bá ṣeé wọ̀n, ẹ fi téèpù yí agbedeméjì apá òkè ká: tí kò bá pé 23.5 cm, ó ṣeé ṣe kí ó ti rù jù.

Àwa náà a máa gbé ìkòkò ọbẹ̀ wá. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ìpele IDDSI wọn, ìyẹn òǹkà 0 sí 7 tí wọ́n fi ń sọ bí oúnjẹ àti ohun mímu ṣe gbọ́dọ̀ rọ̀ tàbí ki tó. Iyán tó ń fà lè lẹ̀ mọ́ ọ̀fun. Ìrẹsì tí hóró rẹ̀ ń tú ká lè gba ọ̀nà èémí. Kí wọ́n jókòó gangan nígbà oúnjẹ àti fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n tó dín orí bẹ́ẹ̀dì kù sí 30 dígírì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Bí orí bẹ́ẹ̀dì bá ga pẹ́, ara á máa yọ̀ sísàlẹ̀, á sì máa fa awọ ìdí ya. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń mú omi ki gbọ́dọ̀ wà ní títì: ó lè fún ẹni tó bá dà á sẹ́nu ní gbígbẹ pa.

Oògùn, ìṣubú, òru

Nínú ìwé oògùn tí wọ́n ń pè ní MAR, àpótí tó ṣófo láìsí àlàyé ni kí ẹ wá. Oògùn Parkinson, àìsàn tó ń mú ara gbọ̀n tàbí le gan-an, kò gba kí a fi í falẹ̀. Kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lọ oògùn sínú oúnjẹ láìjẹ́ pé dókítà àti apòògùn ti fọwọ́ sí i.

Bí bàbá bá ṣubú, ẹ béèrè bóyá wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró: bí nọ́ńbà òkè bá jábọ́ pẹ̀lú 20 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, oògùn wọn nílò àtúnyẹ̀wò. Ẹni tó ń lo warfarin tàbí apixaban, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, tó sì forí gbá nǹkan gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ààbò fún ẹni tó ń gun un kọjá; ibi tó ti máa já bọ́ ló sọ di gíga. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ènìyàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì (hoist) gbọ́dọ̀ ní àmì àyẹ̀wò tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, àti aṣọ tí wọ́n fi ń gbé e pẹ̀lú. Omi ìwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 44 °C.

Ẹ lọ ní alẹ́ Sátidé, ẹ má lọ ní ọ̀sán Wẹ́sidé nìkan. Ẹ tẹ aago ìpè, ẹ sì ka ìṣẹ́jú. Ẹ béèrè iye òṣìṣẹ́ òru àti iye àgbàlagbà tó ń béèrè ọwọ́ ẹni méjì kí wọ́n tó lè yí i: bí irú wọn bá pọ̀ láàárín ọgbọ̀n ènìyàn tí òṣìṣẹ́ méjì péré ń tọ́jú, ìṣirò ìyípadà yẹn kò lè jáde. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ti sọ pé ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ rí ẹni yín, àyàfi tí ìdí pàtàkì bá wà.

Bí nǹkan bá wọ́, ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì fi ìwé ránṣẹ́ sí máníjà. Bó bá jẹ́ lílù, ebi tàbí egbò tí wọ́n fi pamọ́, ẹ má dúró de máníjà: ẹ pe ẹ̀ka safeguarding (tó ń dáàbò bo àgbàlagbà) ní káńsù lọ́jọ́ náà, tàbí 999 bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì. Ẹ sọ fún CQC pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé wọn kì í yanjú ẹ̀sùn ẹnìkọ̀ọ̀kan. Local Government and Social Care Ombudsman, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí káńsù àti ilé ìtọ́jú, ló ń ṣe ìyẹn, lẹ́yìn tí ilé náà bá ti dáhùn tàbí tó kọ̀ láti dáhùn. Láàárín oṣù méjìlá láti ọjọ́ tí ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n sábà ń gba ẹ̀sùn.