Ohun Tí Èéfín Àti Kẹ́míkà Ń Ṣe Sí Ewéko Inú Ilé

Gbogbo ohun tí a bá sun, tí a bá kùn tàbí tí a bá fín nínú ilé, ewéko inú ìkòkò ń fà á símú pẹ̀lú wa. Àwa lè dìde jáde. Òun kò lè kúrò níbi tí a gbé e sí.

Abẹ́ ewé kún fún ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Ihò wọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni gáàsì olóró ń gbà. Eruku àti èéfín dúdú ní tiwọn máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ewé, wọn a dínà mọ́ ìmọ́lẹ̀. Ewéko bẹ́ẹ̀ kì í kú lójijì: á kàn máa rù, ewé tuntun á sì máa kéré sí i.

Gáàsì tó yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa ni ethylene. Ewéko fúnra rẹ̀ ń ṣe é. Òun ló ń mú èso pọ́n, òun ló sì ń mú ewé tó gbó já bọ́. Ó tún wà nínú èéfín igi, ti sìgá àti ti karosíìnì tí kò jó tán. Ní 1901, Dimitry Neljubow, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Rọ́ṣíà, fi hàn pé ethylene inú gáàsì tí wọ́n fi ń tanná ló ń mú kí píì, irúgbìn kan tó jọ ẹ̀wà, tó hù nínú ilé ìwádìí máa dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ dípò òkè. Tòmátì kì í fara da gáàsì yìí rárá: ọwọ́ ewé rẹ̀ á tẹ̀ kọ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ inú ìkòkò ṣì tutù. Ẹ fọwọ́ kan ewé náà. Bó bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ó lè jẹ́ òùngbẹ. Bó bá ṣì le, ẹ fura sí afẹ́fẹ́. Òdòdó tó ń rẹ̀ dànù kó tó là náà jẹ́ àmì.

Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú. Omi àpọ̀jù náà ń sọ ewé di pupa rúsúrúsú, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ti ìka bọ ilẹ̀ ìkòkò. Bó bá jẹ́ oríṣiríṣi ewéko inú yàrá kan náà ló ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wá orísun rẹ̀: sítóòfù, ọ̀dà tuntun, oògùn kòkòrò, tàbí èso tó ń pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì ìdáná, ẹ tì í pa, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣáná, ẹ má tan iná mànàmáná, kí gbogbo yín sì jáde.

Wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn pé ewéko ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Ìwádìí NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìn àjò òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ní 1989 ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Lóòótọ́, ewéko dín àwọn gáàsì olóró bíi benzene àti formaldehyde kù níbẹ̀, kòkòrò àìrí inú ilẹ̀ ìkòkò sì kópa, ṣùgbọ́n inú àpótí tí wọ́n dé pa ni. Ní 2019, àwọn olùwádìí méjì, Cummings àti Waring, ṣe ìṣirò pé ewéko 10 sí 1,000 ni mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ yàrá máa nílò kó tó lè ṣe bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde. Fèrèsé tó ṣí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni gáàsì olóró carbon monoxide inú èéfín èédú àti jẹnẹrétọ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa gbogbo ará ilé kí ewé kan tó yí padà. Ẹ má ṣe fi ewé tútù ṣe ẹ̀rí pé afẹ́fẹ́ dára. Ẹ má sun èédú nínú ilé, kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé.

Ẹ máa fi aṣọ tútù nu ewé. Èyí tó nírun, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fẹ́ kun ilé tàbí fín oògùn, ẹ gbé ìkòkò jáde títí òórùn yóò fi lọ tán. Ewé tó ti jó kò ní padà tutù, torí náà èyí tó ń yọ ni kí ẹ máa wò. Bí òun náà bá ń ká kò, orísun náà ṣì wà nínú ilé.